Ìjókòó Eléwu Lórí Kẹ̀kẹ́ Ológeere ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè

Kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò mọ kẹ̀kẹ́ ológeere, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wa má mọ̀ pé àwọn ènìyàn wà ní ilẹ̀ Faransé, ní Ítálì, ní Bẹ́ljíọ̀mù àti ní ibòmíràn, tí ó jẹ́ pé gígun kẹ̀kẹ́ náà ni iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí wọ́n sì ń gba owó oṣù lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti ń gba owó oṣù lórí ẹ̀kọ́. Ohun kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín bí agbára mi ti mọ, èyí ni bí wọ́n ti ń jókòó nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè gíga, ìdí tí wọ́n fi ń jókòó bẹ́ẹ̀, àti ìdí tí ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré náà fi kà á léèwọ̀ ní ọdún 2021. Ọ̀ràn náà kò kéré bí a ti lè rò. Ó kan ẹ̀mí ènìyàn, ó sì kan ìbéèrè kan tí olùkọ́ kò lè sá fún: nígbà wo ni ó tọ́ kí a fi òfin dá àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé lẹ́kun ewu tí òun fúnra rẹ̀ yàn?

Kí àlàyé mi tó lè yéni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo kẹ̀kẹ́ náà. Irin kan wà tí ó dábùú láti abẹ́ gàárì títí dé ọrùn kẹ̀kẹ́ níwájú. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, irin yìí ni bàbá máa ń gbé ọmọ rẹ̀ kékeré jókòó lé nígbà tí ó bá ń mú un lọ sí ilé-ìwé tàbí sí oko, ọmọ náà a sì máa kùn pé ìdí ń dun òun, nítorí a kò ṣe irin náà fún ìjókòó. Irin yìí gan-an ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àwọn eléré-ìje kò rí bí ti àwọn kẹ̀kẹ́ tí a ń gùn lọ sí ọjà; ó tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ìwo àgbò, bíréèkì, tí í ṣe ìjánu rẹ̀, sì wà ní iwájú ibi tí ó ti tẹ̀ náà. Ẹni tí a bá kọ́ dáradára, nígbà tí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, a di apá ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, a fi ìka kan tàbí méjì lé bíréèkì, a tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ba, ìdí rẹ̀ a sì wà lórí gàárì tàbí kí ó sún sẹ́yìn díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìwúwo ara rẹ̀ ṣe ń pín sí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí yóò dá a dúró.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ rí mọ̀ pé eré rẹ̀ kì í pọ̀ sí i láìlópin. Yóò máa pọ̀, yóò máa pọ̀, yóò sì dé ibi kan, kò ní lè kọjá ibẹ̀ mọ́. Kí ni ó ń dá a dúró? Afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí a bá ń rìn jẹ́jẹ́ a kì í mọ̀ pé afẹ́fẹ́ wà ní ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n bí eré bá ti ju kìlómítà 50 lọ ní wákàtí kan, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá gbogbo ohun tí ń fa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú jẹ́ ti afẹ́fẹ́. Òfin tí afẹ́fẹ́ ń tẹ̀lé kò sì ṣòro fún ẹni tí ó mọ ìṣirò. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tì wá sẹ́yìn di ìlọ́po mẹ́rin. Bí eré bá di ìlọ́po mẹ́ta, agbára náà di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ yára ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kò wúlò púpọ̀ kí ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà. Ohun tí yóò ràn án lọ́wọ́ ni kí ó sọ ara rẹ̀ di kékeré kí afẹ́fẹ́ má baà rí ibi púpọ̀ gbá mú.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí ṣe ìṣirò. Kí a wí pé ọkùnrin kan jókòó gbọọrọ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tí òkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ sì jẹ́ kí ó máa sáré kìlómítà 70 ní wákàtí kan, tí í ṣe máìlì bí 43. Bí ó bá ká ara rẹ̀ jọ títí ohun tí ó ń kọ lu afẹ́fẹ́ fi dín ní ìdá kan nínú mẹ́ta, tí a kò sì ka àwọn ohun kéékèèké yòókù kún un, eré rẹ̀ yóò di nǹkan bí kìlómítà 85, láìjẹ́ pé ó fi agbára kankan kún un. Nínú eré-ìje tí ó jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ni ó ń ya olúborí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí kò rí nǹkan gbà, ọrọ̀ ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì ìṣirò náà, èyí tí a kì í sábà gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń yin eré yìí. Ọ̀nà tí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ yóò rìn lẹ́yìn tí ó bá ti fa bíréèkì kí ó tó dúró, òfin kan náà ni òun pẹ̀lú ń tẹ̀lé. Bí ó bá ń gba mítà 60 kí ó tó dúró nígbà tí eré rẹ̀ jẹ́ 70, yóò gba mítà 90 nígbà tí eré rẹ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di 86. Ìdajì gééré ni ó fi kún un. Ohun tí ó rí gbà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ ni yóò san padà fún ilẹ̀, a kò sì tíì sọ̀rọ̀ nípa bí ó ti jókòó.

Àwọn eléré-ìje ti ń wá ọ̀nà láti ká ara wọn jọ láti ìgbà pípẹ́. Marco Pantani, ọmọ Ítálì tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú eré-ìje yíká ilẹ̀ Faransé àti ti yíká ilẹ̀ Ítálì ní ọdún kan náà, 1998, a máa sún ìdí rẹ̀ kúrò lórí gàárì pátápátá, a gbé ikùn lé gàárì, ìdí rẹ̀ a sì rọ̀ sí òkè táyà ẹ̀yìn, bí ẹni tí ó ń gun ẹṣin tí ẹṣin sì fẹ́ bọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ìwúwo bá lọ sẹ́yìn báyìí, táyà iwájú a fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òun sì ni a fi ń darí kẹ̀kẹ́.

Ìjókòó tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù lọ yàtọ̀ sí èyí. Matej Mohorič, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ Slovenia, ni ó mú kí ojú gbogbo ènìyàn là sí i ní ọdún 2013, nígbà tí ó gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje àgbáyé ti àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 23, ní ìlú Florence ní Ítálì. Ọmọ ọdún 18 ni. Bí ó bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí gàárì, a jókòó lórí irin àárín tí mo ti júwe, a mú àgbọ̀n rẹ̀ wá sí òkè ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a kó ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ra, a sì dà bí ẹyin tí ń yí lọ. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì pe ìjókòó yìí ní supertuck. Láìpẹ́ ọjọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ ọ.

Ẹni tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni Chris Froome, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a bí ní Nairobi ní Kenya. Ní ọjọ́ 9 oṣù keje ọdún 2016, nínú eré-ìje yíká ilẹ̀ Faransé, nígbà tí àwọn aṣáájú jọ dé téńté òkè Peyresourde, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1,569, tí àwọn yòókù sì rò pé ìjà ọjọ́ náà ti parí, Froome yọ lára wọn bí ọfà. Ó jókòó lórí irin, ó sì tún ń fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà bí ó ti wà níbẹ̀, ohun tí kò rọrùn láti wò, ká má tíì sọ láti ṣe. Ìṣẹ́jú-àáyá 13 ni ó fi ṣáájú wọn dé ìlú Bagnères-de-Luchon ní ìsàlẹ̀, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí olórí eré náà ń wọ̀.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí tí mo rò pé yóò dùn mọ́ àwọn olùkọ́ wa tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣẹ̀dá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bert Blocken, tí ó wà nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Eindhoven ní ilẹ̀ Hollandi, mú oríṣiríṣi ìjókòó wọ̀nyí, ó fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò wọn, ó sì tún dán wọn wò nínú ilé tí a kọ́ fún fífẹ́ atẹ́gùn lu ohun tí a bá gbé síbẹ̀. Ó rí i pé ìjókòó Froome kọ́ ni ó yára jù lọ. Àwọn mìíràn wà tí ó sàn jù ú, nínú wọn sì ni èyí tí ènìyàn fi jókòó lórí irin ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ ju ti Froome lọ. Ní tèmi, bí ó ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lójijì àti bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti sinmi ni ó fún Froome ní ìṣẹ́jú-àáyá 13 náà. Síbẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ó wò ó ni ó gbàgbọ́ pé ìjókòó lórí irin ni àṣírí rẹ̀, wọ́n sì lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́.

Kí ni ewu tí ó wà níbẹ̀? Èkíní, ìwúwo ara lọ sí iwájú, táyà ẹ̀yìn sì fúyẹ́. Lóòótọ́ ara wà nísàlẹ̀, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n bí a bá fa bíréèkì gidigidi, táyà ẹ̀yìn tí ó ti fúyẹ́ tẹ́lẹ̀ lè yọ̀ tàbí kí ó gbéra nílẹ̀. Èkejì, ènìyàn kò lè fi ìbàdí àti itan rẹ̀ darí kẹ̀kẹ́ mọ́. Àwa tí a ń gun kẹ̀kẹ́ lè rò pé ọwọ́ nìkan ni a fi ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ara yín nígbà tí ẹ bá tún dé igun ọ̀nà: ìdí ni ó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Ẹni tí ó há sórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kò rí ìdí yẹ̀ sí ibì kankan, bí ó bá sì kó sínú kòtò, irin náà ni yóò gbá a, kì í ṣe gàárì tí ó ní awọ. Ẹ̀kẹta, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù, ni pé ó gbọ́dọ̀ padà sórí gàárì kí ó tó lè ṣe ohunkóhun tí ó ní láárí. Ní kìlómítà 85 ní wákàtí kan, ènìyàn ń kọjá mítà bí 23 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó bá gbà á ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti padà sẹ́yìn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin ìdajì pápá bọ́ọ̀lù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti dúró. Bí ajá bá sì gba ojú ọ̀nà kọjá ńkọ́?

Ìjókòó kejì wà tí a fi òfin kan náà kà léèwọ̀, èyí ni kí ènìyàn gbé apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn-ọwọ́ lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sì máa rọ̀ níwájú láìdi nǹkan kan mú. Nínú ìdíje tí olúkúlùkù ń dá sáré, kẹ̀kẹ́ ní ohun tí a ṣe fún un, a sì gbà á láàyè níbẹ̀. Láàárín agbo ènìyàn 150, mo rò pé kò yẹ kí a máa jiyàn lórí rẹ̀. Froome kan náà ni ó lè jẹ́ ẹ̀rí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, nígbà tí ó ń yẹ ọ̀nà eré kan wò ní ìlú Roanne, ó mú ọwọ́ kan kúrò lórí kẹ̀kẹ́ láti fun imú, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wí. Atẹ́gùn gbá táyà iwájú rẹ̀, ó sì kọ lu ògiri. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, ti ìgbọ̀nwọ́ àti ti ìhà pẹ̀lú. Kò tún gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ńlá kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn tí ó kú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo lè kà. Fabio Casartelli, tí ó gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ọdún 1992, ṣubú ní òkè Portet d'Aspet ní ọjọ́ 18 oṣù keje ọdún 1995, kò sì dé àṣíborí. Ọmọ ọdún 24 ni. Wouter Weylandt, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, kú ní Ítálì ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 2011. Gino Mäder, ọmọ Switzerland, ṣubú sínú àfonífojì ní òkè Albula ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún 26 ni òun àti Weylandt. N kò mú wọn wá gẹ́gẹ́ bí ẹni pé jíjókòó lórí irin ni ó pa wọ́n. Mo mú wọn wá kí a lè mọ̀ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ le fún ẹni tí ó jókòó bí ó ti yẹ pàápàá.

Ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àgbáyé, tí à ń pè ní UCI, kéde òfin náà ní oṣù kejì ọdún 2021, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin. Kò pẹ́ tí ó fi mú ẹnìkan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin náà, Richard Carapaz, ọmọ Ecuador, jókòó lórí irin nígbà tí ó ń sáré kúrò lára àwọn yòókù nínú eré Liège sí Bastogne, a sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú àwọn tí ó sá eré náà. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan náà gba wúrà ní Òlíḿpíìkì ní Tokyo, ìdí rẹ̀ sì wà lórí gàárì.

Púpọ̀ nínú àwọn eléré náà ráhùn. Wọ́n ní àwọn mọ iṣẹ́ àwọn, wọ́n ní ẹgbẹ́ náà ìbá kọ́kọ́ tún àwọn ọ̀nà búburú àti ọgbà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣe, nítorí àwọn wọ̀nyí ti ṣe wọ́n léṣe ju irin àárín lọ. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ asán, n kò sì ní fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti àṣíborí. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ kan náà pàṣẹ kí gbogbo eléré máa dé e. Àwọn eléré fi ìbínú kọ̀ ọ́ nínú eré Paris sí Nice, a sì fa àṣẹ náà sẹ́yìn. Casartelli kú láàárín ìgbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2003, nínú eré Paris sí Nice náà, Andrei Kivilev ọmọ Kazakhstan ṣubú láìdé àṣíborí, ó sì kú, a wá tún òfin náà gbé dìde ní ọdún náà. Lónìí, kò sí ẹni tí ó ń pariwo nítorí àṣíborí. Ọdún méjìlá ni ó ti kọjá.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi gbà pé òfin náà tọ́. A ń wí pé àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n sì fúnra wọn yàn án. Ǹjẹ́ wọ́n yàn án ní tòótọ́? Bí ẹnìkan nínú agbo bá jókòó lórí irin tí ó sì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá ṣáájú àwọn yòókù, ẹni tí ó fẹ́ràn ẹ̀mí rẹ̀ ní ohun méjì péré láti ṣe: kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, tàbí kí ó pàdánù, kí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àdéhùn rẹ̀ bá parí. Ẹni tí ó láyà jù ni ó ń yàn fún gbogbo wọn. Òfin nìkan ni ó lè fún ẹni tí kò láyà tó bẹ́ẹ̀ láàyè láti kọ̀ láìpàdánù, àti pé bí gbogbo wọn bá jọ padà sórí gàárì, kò sí ẹni tí ó ṣòfò nínú wọn.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ kọ́ni fún ìdánwò ní abúlé olókè mọ ohun tí mo ń wí. Mo ti rí ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan tí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tí ó sì ń ti òkè bọ̀, bíréèkì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà kò sì ṣiṣẹ́. Kò gbọ́ orúkọ Froome rí. Àwọn ọmọ Yúróòpù tí ń wo eré náà gbọ́ ọ, kẹ̀kẹ́ tiwọn sì yára ju èyí lọ.

Àwọn tí ó rò pé òfin náà yóò pa ìgboyà run kò wòye tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2022, Tom Pidcock, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ̀kalẹ̀ ní òkè Galibier ní eré tí ó ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan, kò jókòó lórí irin, ó sì ṣe ipò kìn-ín-ní ní ọjọ́ náà. Mohorič pẹ̀lú, ẹni tí a lè pè ní bàbá ìjókòó náà, kò káwọ́ gbera. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó wá sí eré Milan sí San Remo, tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 300, pẹ̀lú ọ̀pá gàárì kan tí àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ nínú igbó ti ń lò, èyí tí ènìyàn lè tẹ bọ́tìnì kí gàárì lọ sílẹ̀, kí ó sì tún gbé e sókè. Òfin kò kà á léèwọ̀. Ó ti béèrè ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dé òkè kékeré tí à ń pè ní Poggio, tí kò ju kìlómítà mẹ́fà lọ sí òpin eré, ó rẹ gàárì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀ láàárín igun àti igun. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, táyà rẹ̀ bọ́ sínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, gbogbo ẹni tí ń wò ó sì rò pé ó ti ṣubú. Kò ṣubú. Ìdí rẹ̀ wà lórí gàárì, ìka rẹ̀ wà lórí bíréèkì, ó fa kẹ̀kẹ́ náà padà sójú ọ̀nà, ó sì dá nìkan wọ San Remo.